Kẹ̀kẹ́ Ọparun: Gbogbo Ohun Tí Ẹ Ti Ń Bi Mí

Látìgbà tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ yìí kiri Ìbàdàn, kò síbi tí mo dúró sí tẹ́nìkan ò ní bi mí ní nǹkan, àtọlọ́pàá àtìyá tó ń ta bọ̀ọ̀lì, àwọn mìíràn tiẹ̀ á kọ́kọ́ fi èékánná kàn án kó-kó-kó bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó rántí kí mi. Ẹnu ti ń ro mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí, ẹ kà á bó ṣe wù yín, ẹ lè fo èyí tí ò kàn yín.

Kẹ̀kẹ́ wo gan-an lò ń sọ? Ṣé Màrúwá ni?

Rárá o. Mo mọ̀ pé ayé ti yí, téèyàn bá ti pe kẹ̀kẹ́ báyìí, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Èmi ń sọ kẹ̀kẹ́ ológeere, báísíkù, ìran Raleigh táwọn bàbá wa fi ń lọ oko, tí ẹlẹ́mu á so kèrègbè mọ́ lápá ọ̀tún àti lápá òsì tí ìfófòó ẹmu á máa dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Férémù ẹ̀ nìkan ló sì jẹ́ ọparun. Táyà, túùbù, ríìmù, ṣéènì, pẹ́dà, bíréèkì, hándù, gbogbo ìyẹn ọjà la ti ń rà á bíi ti gbogbo kẹ̀kẹ́ tó kù. Irin ṣì wà nínú férémù náà níbi mẹ́ta: ibi tí ọ̀pá pẹ́dà ń gbà kọjá nísàlẹ̀, ibi tí fọ́ọ̀kì ń wọ̀ níwájú, àti ibi tá a ti ń fi nọ́ọ̀tì de ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kò sí irin kankan lára kẹ̀kẹ́ òun, irọ́ ló pa.

Ta ló kọ́kọ́ ronú irú nǹkan báyìí? Òyìnbó náà ni àbí?

Òun náà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe tuntun bẹ́ ẹ ṣe rò. Kẹ̀kẹ́ fúnra ẹ̀ igi ló ti bẹ̀rẹ̀. Karl Drais, ará Jámánì kan ní Mannheim, ló gbé ti ẹ̀ jáde lọ́dún 1817, igi ni gbogbo ara ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, kò ní pẹ́dà, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń ti ilẹ̀ bí ẹni ń sáré lórí ìjókòó. Ti ọparun wá tẹ̀ lé e, lọ́dún 1894 iléeṣẹ́ kan ti wà ní London tórúkọ ẹ̀ ń jẹ́ Bamboo Cycle Company tó ń tà á, wọ́n ń ṣe é ní Austria náà láyé ìgbà yẹn. Nígbà tó yá, ọ̀pá irin pọ̀ lọ́jà, ó rọrùn láti jó pọ̀, ó sì bára mu lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọparun ṣe dọ̀rọ̀ ìtàn nìyẹn fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ẹni tó tún jí i dìde ni Craig Calfee ní California. Ọ̀gá ni Calfee nídìí férémù carbon (okùn dúdú fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi gúlù mú le), ó ti ṣe é fún Greg LeMond tó gba Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, lẹ́ẹ̀mẹta. Ní 1995 ó ń wá nǹkan tó máa fi fa ojú èèyàn níbi ìpàtẹ kẹ̀kẹ́, ló bá ṣàkíyèsí pé ajá òun ń fi ọ̀pá ọparun kan ṣeré, ó ń bù ú jẹ, ó ń fà á, ọ̀pá náà ò sì ṣẹ́. Ajá ló jẹ́ kó mọ̀ o. Ó ní kóun kan dán an wò ni, nígbà tó gùn ún tán ló rí i pé ara ò ro òun bí irin ṣe máa ń jẹ́ kára ro èèyàn. Láàárín ìgbà yẹn náà ni Flavio Deslandes ń ṣe ti ẹ̀ ní Rio ní Brazil, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹnì kejì.

Mo gbọ́ pé Gánà ni wọ́n ti ń ṣe é jù. Ṣé òótọ́ ni?

Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níbí, bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ lèmi náà ti kọ́kọ́ fojú kàn án. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà ní Kùmásí, lára àwọn tí ò kúrò nígbà tí Busia, olórí ìjọba Gánà, ní káwọn àjèjì tí ò ní ìwé kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún 1969 (àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìnísà tó ń ka èyí mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ bi àwọn bàbá yín). Ayẹyẹ ìgbéyàwó ló gbé mi lọ síbẹ̀. Bí mo ṣe jáde láàárọ̀ láti lọ ra kẹ́ńkè ni mo rí ọmọdébìnrin kan tó gun nǹkan kọjá, mo rò pé wọ́n fi ọ̀dà kun irin kó lè jọ ọparun ni, àfìgbà tó dúró tí mo rí oríkèé oríkèé lára ẹ̀.

Ìtàn ibẹ̀ gùn. Ní nǹkan bí 2007 ni Calfee àtàwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Columbia ní New York wá sí Gánà láti wò ó bóyá àwọn ará abúlé á lè máa ṣe kẹ̀kẹ́ yìí fúnra wọn. Ní 2009 ni Bernice Dapaah, ọmọ Gánà gan-an, wá dá Ghana Bamboo Bikes Initiative sílẹ̀ ní Kùmásí, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ náà, pàápàá àwọn obìnrin, àjọ UN tó ń rí sọ́rọ̀ ojú ọjọ́ fún wọn lámì ẹ̀yẹ ní 2013. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé táwọn bá gé ọparun kan, mẹ́wàá làwọn ń gbìn dípò.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì wà ní abúlé Yonso, ní agbègbè Ashanti náà. Kwabena Danso ló dá àjọ Yonso Project sílẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 2012 làwọn ọmọ Jámánì méjì tó ń kàwé ní ìlú Kiel, Maximilian Schay àti Jonas Stolzke, bẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ my Boo. Yonso ni wọ́n ti ń ṣe férémù, tí wọ́n bá ṣe é tán wọ́n á kó o lọ sí Kiel, ibẹ̀ ni wọ́n á ti de ẹsẹ̀ àti bíréèkì mọ́ ọn. Wákàtí 80 ni férémù kan ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń ṣe é o, ọwọ́ ni. Owó ibẹ̀ náà ló ran wọ́n lọ́wọ́ láti kọ́ iléèwé fáwọn ọmọ abúlé.

Ohun tó ń dùn mí díẹ̀ níbẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ọ̀hún Yúróòpù ló ń lọ, ará Yonso tó ń ṣe é ló ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n owó oṣù ń wọlé, iléèwé sì wà, n ò lè jókòó sí Ìbàdàn kí n máa bú wọn.

Ọmọ mi, ọparun tí wọ́n fi ń gbé dẹ́kíìnì ró yìí? Ìyẹn ò ní ṣẹ́ mọ́ ẹ nídìí?

Mà, ṣebí ẹ ti dáhùn ẹ̀ fúnra yín? Ọparun tó gbé kọnkéré ilé alájà mẹ́ta dúró títí tó fi gbẹ, èmi tí n ò tó ọgọ́rin kílò ni ò ní gbé?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọparun kì í ṣe igi, koríko ni, ẹbí ìrèké àti àgbàdo. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn látìsàlẹ̀ dókè ló pọ̀ nínú ara ẹ̀, èyí tó sì ki jù wà lẹ́yìn, nítòsí èèpo dídán yẹn. Inú ẹ̀ wá ṣófo. Ẹ wo ọ̀pá férémù kẹ̀kẹ́ irin, òun náà ṣófo nínú, gbogbo agbára ẹ̀ wà lẹ́yìn. Ohun táwọn oníṣẹ́ irin ń ná owó lé lórí kí wọ́n tó rí i ṣe, ọparun ti ṣe é síra ẹ̀ létí odò láìsẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tẹ́ni tó bá fi sáńpépà ha èèpo ẹ̀yìn yẹn dànù kó lè dán fi ṣe ara ẹ̀ lọ́ṣẹ́, ibi tó le jù ló ha kúrò.

Ní Yúróòpù wọn ò kan fẹnu sọ ọ́, òfin ìdánwò kẹ̀kẹ́ kan wà tórúkọ ẹ̀ ń jẹ́ ISO 4210, wọ́n á so férémù mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á máa tẹ ibi pẹ́dà bí ẹni tó ń gun òkè, ìgbà 100,000 ni, kò gbọdọ̀ là. Férémù ọparun tí wọ́n ṣe dáadáa ń kọjá níbẹ̀.

Tó bá sì máa bàjẹ́, kì í bàjẹ́ lójijì bíi ti carbon. Á kọ́kọ́ ké. Ẹ̀ẹ́ gbọ́ kẹ̀ẹ̀-kẹ̀ẹ̀ lábẹ́ yín fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí ò bá wá sọ̀ kalẹ̀ wò ó, ẹjọ́ ara ẹ̀ ni.

Ṣé ọparun ìdí odò abúlé wa máa ṣe é?

Ó lè ṣe é, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ṣá. Èyí tó pọ̀ nílẹ̀ wa, tó pọ̀ ní Gánà náà, ni èyí táwọn onímọ̀ ń pè ní Bambusa vulgaris, ó nípọn dáadáa, ó kàn jẹ́ pé ṣúgà àti sítáàṣì pọ̀ nínú ẹ̀ tí kòkòrò fi fẹ́ràn ẹ̀ bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn bisikíìtì. Ní Íńdíà wọ́n ní irú kan tí inú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pátá, Dendrocalamus strictus, ìyẹn làwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ kárí ayé ń fojú wá.

Ẹ má gé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ọparun máa ń ga tán láàárín oṣù mélòó kan, gígùn ò wá ní í ṣe pẹ̀lú gbígbó, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ló gbọ́dọ̀ lò kí ara ẹ̀ tó le. Èyí tó ṣì tutù máa ń dán, ó máa ní nǹkan funfun bí àtíkè lára, háhá á ṣì wé mọ́ ọn nísàlẹ̀. Èyí tó gbó, ara ẹ̀ ti ṣá, ó ti ní àmì eérú eérú, tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀yìn àdá lù ú á dún gbọngan. Ẹ mú èyí tó tọ́, tí fífẹ̀ ẹ̀ tó bí ìka ọwọ́ méjì, fún àwọn ọ̀pá ńlá, ẹ mú tínrín fún ẹ̀yìn. Àwọn àgbà bọ̀ wọ́n ní igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó, èmi ni mo wá ń gé e báyìí, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀.

Báwo lẹ ṣe ń gbẹ ẹ́?

Ìbéèrè gan-an nìyí, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé ẹni bíi mẹ́ta péré ló tíì bi mí. Gbogbo yín ń bẹ̀rù kó má ṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù kó má gbẹ, bẹ́ẹ̀ gbígbẹ yìí ló ń ba kẹ̀kẹ́ jẹ́.

Kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ rí lábẹ́ mi yìí ìkejì ni. Àkọ́kọ́, oṣù kẹsàn-án ni mo gé ọparun ẹ̀, òjò ń rọ̀, omi kún ara ẹ̀ fọ́fọ́. Mo tò ó sórí páànù nínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó yí padà láti àwọ̀ ewé sí àwọ̀ ìyẹ̀fun gàrí, mo ní ó ti gbẹ. Bàbá Ríṣíkà káfíńtà àdúgbò wa wò ó, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìta ló gbẹ, inú ò tíì gbẹ." Mo ní bàbá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Oṣù kẹwàá mo ti ń gùn ún. Mo gùn ún lọ sí Mọ́níyà, mo gùn ún dé Bódìjà, mo ń ṣe fáàrí kiri, àfìgbà tí ọyẹ́ dé nínú oṣù Disẹ́ńbà. Àárín òru ni mo gbọ́ "pàà!" ní kọ́rídọ̀, ìyàwó mi rò pé bánígà ni. Nígbà tá a tan iná, ọ̀pá òkè ti là láti oríkèé kan dé èkejì. Ìyẹn gan-an kọ́ ni wàhálà ńlá, nígbà tí mo mi férémù ni mo rí i pé ọ̀pá ń yí nínú ibi tá a so ó pọ̀. Ọparun tó ti gbẹ tán ti sún kì, gúlù tó gbá a mú kò sì sún kì, àyè ti wà láàárín wọn.

Bàbá Ríṣíkà ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn wò mí.

Báyìí ni mo ṣe ṣe ti ìkejì. Oṣù Jánúárì ni mo gé e, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí omi ti lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀. Mo fi irin gígùn lu oríkèé inú ẹ̀ lu já kí afẹ́fẹ́ lè gba inú kọjá, mo rì í sínú omi tá a pò bórákísì àti boric acid sí fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí kòkòrò, mo wá gbé e dúró lóòró nínú ilé, níbi tí oòrùn ò lè dé. Oòrùn ò dáa, ó máa ń yára gbẹ ìta ju inú lọ, ni yóò bá là. Gbogbo ọjọ́ Àìkú mo máa ń gbé ọ̀kan sórí ìwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń wọn ìyẹ̀fun kéèkì, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, ìgbà tí ìwọ̀n ò yí padà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin léraléra ni mo tó gbà pé ó gbẹ. Oṣù karùn-ún ló bọ́ sí.

Báwo lẹ ṣe ń so ó pọ̀? Ṣé wọ́n ń jó o ni?

Ẹ fẹ́ jó ọparun? Ilé yín lẹ máa jó.

Ẹ̀ẹ́ gé ẹnu ọ̀pá kan bí ẹnu ẹja tó là, kó lè bá ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá kejì ṣe rẹ́gí, láìsí àlàfo. Bàbá Ríṣíkà fi pákó ṣe nǹkan tá a fi di gbogbo ẹ̀ mú kó má yẹ̀, torí tí ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn ò bá wà lórí ìlà kan, kẹ̀kẹ́ yẹn á máa fà yín sí gọ́tà títí ayé. Ẹ̀ẹ́ fi epoxy díẹ̀, ìyẹn gúlù tá a máa ń pò kó tó le, mú wọn so, ẹ̀ẹ́ wá wé okùn tá a ti rẹ sínú epoxy mọ́ oríkèé yẹn, ẹ̀ẹ́ wé, ẹ̀ẹ́ wé, ẹ̀ẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé ẹ̀ ń wé òkú ayé àtijọ́. Kó tó le, ẹ ya túùbù ògbólógbòó sí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi fún un pinpin, á fún epoxy tó pọ̀ jù jáde. Ọjọ́ kejì ẹ tú u, ẹ fi sáńpépà ha á, ẹ bo imú yín o, eruku yẹn ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró.

Okùn wo? Àwọn kan ń lo carbon. Àwọn kan ń lo okùn ọ̀gbọ̀, èyí tí Bíbélì ń fi orúkọ ẹ̀ pe aṣọ. Àwọn míì ń lo okùn hemp, ìyẹn ìbátan igbó, ẹ má ṣe wá a kiri Ìbàdàn, ẹ ò ní rí ọlọ́pàá ṣàlàyé fún. Èmi lo okùn àpò kòkó. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹbí ewédú ni wọ́n fi ń hun àpò yẹn? Ewédú tá a ń fi jẹ àmàlà, tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó gbó kó ga, èèpo igi ẹ̀ ni okùn jute. Kenaf, ohun ọ̀gbìn míì tó ní okùn lára, náà lè ṣe é, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣèwádìí lórí ẹ̀ ní Moor Plantation níbí.

Ọ̀rọ̀ kan lórí gúlù. Brọ̀dá tó ń fi fáíbà tún bọ́ńpà ọkọ̀ ṣe ládùúgbò wa fẹ́ fún mi ní ti ẹ̀, ó ní bákan náà ni. Kì í ṣe bákan náà. Polyester ni ti bọ́ńpà, kì í di ara igi mú bí epoxy ṣe ń dì í mú, àti pé tẹ́ ẹ bá ń po epoxy, ohun tó bá wà lára agolo ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, ẹ má fojú díwọ̀n bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Kòkòrò ò ní jẹ ẹ́?

Tẹ́ ẹ bá fi bórákísì sí i tẹ́ ẹ sì gé e lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní jẹ ẹ́. Tẹ́ ò bá ṣe é, ẹ̀ẹ́ máa rí ìyẹ̀fun funfun nílẹ̀ lábẹ́ kẹ̀kẹ́ yín láràárọ̀, iṣẹ́ ti ń lọ nínú ilé nìyẹn. Àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tọ́jú nǹkan sórí àjà ilé ìdáná níbi tí èéfín á ti máa bá a. Ikán ni ká bẹ̀rù lọ́tọ̀, ẹ má fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri amọ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Ewúrẹ́ ńkọ́?

Ewúrẹ́ ìyá Sùlíà tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan. Fáníṣì ò dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Òjò ńkọ́?

Òjò ò ṣe é ní nǹkan tí fáníṣì bá bò ó dáadáa, pàápàá ẹnu ibi tá a ti gé e, ibẹ̀ lomi ń gbà wọlé. Mo máa ń kùn ún lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ohun tó ń dà á láàmú ju òjò lọ ni ọyẹ́, gbígbẹ òjijì ló ń jẹ́ kó là, torí náà ẹ má ṣe gbé e sí oòrùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tó bá là tínrín lóòró, ẹ má kígbe, ẹ da súpàgúlù sí i, ẹ fi okùn wé e, ẹ kùn ún. Tó bá là lábùú, tàbí tí oríkèé bá ń mì, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọparun? Igi gedú ò le jù ú lọ ni?

Wọ́n ń fi igi ṣe é náà. Ní Portland ní Amẹ́ríkà iléeṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Renovo, igi líle ni wọ́n ń gbẹ́ nínú bí ẹni gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á gbẹ́ ẹ ní ìlàjì ìlàjì kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó rẹwà débi pé ẹ ò ní fẹ́ gùn ún, wọ́n ti kógbá wọlé ní 2018 ṣá. Ní Ítálì wọ́n ṣì ń fi igi ṣe ríìmù títí dòní.

Ṣùgbọ́n èyí tó wù mí jù lọ láyé ni chukudu ní Goma, ní Kóńgò. Igi ni látòkèdélẹ̀, hándù, ara, ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n kàn gé rọ́bà táyà àtijọ́ kàn mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Kò ní pẹ́dà, wọ́n á fi orúnkún kan kúnlẹ̀ lé e, wọ́n á fi ẹsẹ̀ kejì ti ilẹ̀, tí wọ́n bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ó di sáré. Àpò èédú, ọ̀dùnkún, kábéèjì, ohun tí pick-up fi ń gbé ni wọ́n ń tò lé e. Ère ẹ̀ aláwọ̀ wúrà wà láàárín ìlú Goma. Wọn ò ṣe é fún ọ̀rọ̀ àyíká o, iṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe, kò sẹ́ni tó ń pè é ní nǹkan ìgbàlódé, bẹ́ẹ̀ igi tó ń hù pa dà kíá bíi yukalípítọ́ọ̀sì ni wọ́n sábà máa ń lò.

Níbí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ gé igi ìrókò tàbí igi apá ìran bàbá yín nítorí kẹ̀kẹ́. Igi tó lo ọgọ́rin ọdún kó tó dàgbà, tẹ́ ẹ gé e lọ́jọ́ kan, tẹ́ ẹ wá ń sọ pé ẹ̀ ń dáàbò bo igbó, ta lẹ̀ ń tàn? Tó bá jẹ́ igi lẹ fẹ́ dandan, ẹ lo tíìkì tàbí mẹlaínà tí wọ́n gbìn, bíi ti igbó Ọ̀mọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lápá J4, tàbí igi rọ́bà tí oje ẹ̀ ti tán. Wọ́n máa ń wúwo ju ọparun lọ ṣá.

Ṣé lóòótọ́ ló dáa fún àyíká, àbí ariwo ọjà ni?

Méjèèjì. Ọparun á hù pa dà láti ìdí kan náà tẹ́ ẹ ti gé e, ẹ ò ní í tún un gbìn, gbòǹgbò ẹ̀ ń di etí odò mú kí ọ̀gbàrá má gbé e lọ. Alumíníọ̀mù ń jẹ iná mànàmáná bí ẹni jẹ búrẹ́dì kó tó jáde. Ìyẹn òótọ́. Epoxy ńkọ́? Kẹ́míkà ni, inú epo rọ̀bì ló ti wá, kì í jẹrà. Táyà rọ́bà ni, ṣéènì irin ni. Tí wọ́n bá wá fi ọkọ̀ òfuurufú gbé férémù kan láti Áfíríkà lọ sí Yúróòpù, ẹ ṣírò ìyẹn náà mọ́ ọn. Ó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀bùn láti ọ̀run.

Ṣé ó wúwo? Ṣé ó lè rìn jìnnà?

Férémù mi ń lọ sí kílò méjì àbọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti irin dọ́gba, carbon fúyẹ́ jù ú lọ dáadáa. Ibi tó ti gba ipò kìíní ni kòtò. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìbàdàn mọ ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀, ọparun máa ń gbé ìgbọ̀nrìrì yẹn mì kó tó dé ìdí yín.

Nípa jíjìnnà, ìyá òyìnbó kan wà, Kate Rawles, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ti ẹ̀ láti ara ọparun tí wọ́n gbìn ní Cornwall, ó sọ ọ́ ní Woody, ó wá gùn ún láti Kòlóńbíà gba gbogbo òkè Andes lọ títí dé ìparí ilẹ̀ South America, ó ju 8,000 máìlì lọ. Èmi ò tíì gun tèmi kọjá Ọ̀yọ́.

Èló ni?

Ní Jámánì, kẹ̀kẹ́ my Boo ju ẹgbẹ̀rún kan Yúrò lọ dáadáa, wákàtí 80 ni wọ́n fi ṣe férémù, owó iṣẹ́ lẹ̀ ń san. Níbí, ọ̀fẹ́ ni mo gba ọparun, mo fún baálẹ̀ abúlé ní ọtí kan, àpò kòkó ò tó nǹkan, epoxy ló gbowó díẹ̀, ohun tó gbà mí lówó gidi ni ríìmù, gíà àti bíréèkì, mo sì tú u lára kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni.

Kí ló dé téèyàn ò kàn ra tòkunbọ̀ yẹn gùn?

Ẹ rà á. Mi ò fi ṣeré. Tó bá jẹ́ nǹkan tó máa gbé yín dé ibi iṣẹ́ lọ́la lẹ̀ ń wá, tòkunbọ̀ irin ló yẹ yín, wẹ́dà tó wà ní gbogbo kọ́nà lè tún un ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ti ọparun, ẹni tó ní sùúrù oṣù márùn-ún ló wà fún, ẹni tí inú ẹ̀ máa dùn pé òun mọ etí odò tí kẹ̀kẹ́ òun ti hù.

Ṣé obìnrin tó wọ ìró lè gùn ún?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kàn jẹ́ kí ọ̀pá òkè lọ sílẹ̀. Aya Bàbá Ríṣíkà ti dán tèmi wò, ọ̀pá òkè ló ń dí wọn lọ́wọ́.

Ṣé o lè ṣe ọ̀kan fún mi?

Kò tíì yá. Ọ̀pá mẹ́sàn-án wà ní kọ́rídọ̀ wa báyìí, ti aya Bàbá Ríṣíkà ni. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọ̀kan ṣì fi gíráàmù mẹ́rìnlá fúyẹ́ ju ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú lọ. Bàbá Ríṣíkà ti ń béèrè pé ìgbà wo ni. Mo sọ fún wọn pé ìta ló gbẹ, inú ò tíì gbẹ.